Bí Ọyẹ́ Bá Dé, Awọ Ni Kí A Tọ́jú, Kì í Ṣe Àwọ̀

Kò sí ìgbà tí Yorùbá kò ní kíkí fún. Bí òjò bá pa ènìyàn, kíkí wà fún un. Bí oòrùn bá mú janjan, kíkí wà fún un. Bí ọyẹ́ bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, tí kùrukùru rẹ̀ bo orí òkè mọ́lẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, "Ẹ kú ọyẹ́ o" ni ará ilé kan yóò fi pàdé èkejì. Kíkí yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ó ń fi hàn pé àwọn baba ńlá wa mọ̀ pé ọyẹ́ ní ohun tí ó ń ṣe sí ara ènìyàn. Ètè a máa là, gìgísẹ̀ a máa sán, apá àti ojúgun a sì máa funfun bí ẹni pé a fi wọ́n yí eérú. Bí ọmọ kan bá jáde sí gbangba bẹ́ẹ̀ ní àárọ̀ ọyẹ́, kì í ṣe ọmọ náà ni àwọn àgbà máa ń bá wí bí kò ṣe ìyá rẹ̀, nítorí ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ní ayé òde òní, kíkí náà kò tíì parun, ṣùgbọ́n ìtọ́jú tí ó yẹ kí ó tẹ̀lé e ti ń ṣìnà. Bí ọyẹ́ bá ti dé, ìpara oríṣiríṣi a kún ojú ọjà. Àwọn tí ń tà á a máa sọ fún àwọn ìyá pé èyí yóò mú ara jọ̀lọ̀, wọn a sì fi kún un pé yóò tún mú ara mọ́ kedere. Ìyá tí ó wá ra ohun tí yóò fi gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọyẹ́ a wá gbé ohun tí yóò bó ọmọ náà lára lọ sílé. Ọ̀nà méjì ni wọ́n dà pọ̀ mọ́ ara wọn lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ti yà wọ́n sọ́tọ̀. Awọ ni ohun tí ó bo ẹran ara. Àwọ̀ ni ohun tí ojú rí lára awọ náà, ìbáà jẹ́ dúdú, ìbáà jẹ́ pupa. Ohùn nìkan ni ó ya ọ̀rọ̀ méjèèjì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá fi àmì ohùn sí orí wọn yóò kọ ọ̀kan sí ibi tí èkejì yẹ kí ó wà, olùkọ́ yóò sì gba máàkì lọ́wọ́ rẹ̀. Irú àṣìṣe kan náà ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé báyìí, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn ju máàkì lọ. Awọ ni ọyẹ́ ń bá jà. Kò bá àwọ̀ ẹnikẹ́ni jà. Ẹni tí ó bá torí ọyẹ́ lọ dojú ìjà kọ àwọ̀ ara rẹ̀ ti fi ọ̀tá sílẹ̀, ó sì ń lu ará ilé.

Kí a lè mọ irú ìjà tí ọyẹ́ ń jà, ó yẹ kí a mọ ibi tí ó ti ń bọ̀. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ní ìhà àríwá àti ìlà-oòrùn ni ó ti ń fẹ́ wá. Ibì kan wà ní orílẹ̀-èdè Ṣáàdì tí a ń pè ní Bodélé. Ilẹ̀ kòtò ni, adágún omi ńlá ni ó sì wà níbẹ̀ ní ayé àtijọ́ kí ó tó gbẹ. Afẹ́fẹ́ a gba àárín àwọn òkè Tibesti àti Ennedi kọjá bí ẹni tí ń sáré gba ọ̀nà tóóró, a sì gbé eruku ilẹ̀ gbígbẹ náà sókè, títí yóò fi gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Láti nǹkan bí ìparí oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì, nígbà mìíràn títí wọ oṣù kẹta, ni ọyẹ́ máa ń jọba. Ó máa ń le ní Ṣakí, Ìgbòho, Kìṣí àti Ògbómọ̀ṣọ́ ju bí ó ti ń le ní Èkó àti ilẹ̀ Ìlàjẹ lọ, nítorí pé ọ̀rinrin òkun a máa dáàbò bo àwọn ará etíkun.

Kì í ṣe òtútù ọyẹ́ ni olórí ìṣòro bí kò ṣe gbígbẹ rẹ̀. Ní òkè pátápátá lára awọ, ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ó tò léra wọn bí ìpele ògiri ilé, ọ̀rá tí ara fúnra rẹ̀ ń pèsè sì wà láàárín wọn bí amọ̀ tí ó so ògiri pọ̀. Ọ̀rá yìí ni kì í jẹ́ kí omi inú ara máa bá afẹ́fẹ́ lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ jù, yóò máa fa omi náà jáde. Awọ tí omi rẹ̀ bá dín kù a le, kì í nà dáadáa mọ́. Ibi tí ó bá gbé ń tẹ̀, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ jù, bí ètè, oríkèé ìka àti gìgísẹ̀, ni yóò kọ́kọ́ là. Ibi tí ó bá là ti di ẹnu-ọ̀nà fún kòkòrò àrùn. Fún ọ̀dọ́mọkùnrin tí ara rẹ̀ le, ọ̀rọ̀ náà lè máà ju ìnira ọjọ́ mélòó kan lọ. Ṣùgbọ́n fún àgbàlagbà tí àtọ̀gbẹ ń bá jà, tí ó lè má mọ ìrora lẹ́sẹ̀ bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́, gìgísẹ̀ tí ó sán díẹ̀ lè di egbò, egbò náà sì lè di ohun tí yóò gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé fáàrí ni ìtọ́jú awọ nígbà ọyẹ́ kò tíì ro ọ̀rọ̀ náà dé ìsàlẹ̀.

Àwọn àgbà wa kò ní ẹ̀rọ tí a fi ń wo ìpele awọ, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí ó yẹ kí wọ́n ṣe. Òrí ni olórí ohun tí wọ́n gbára lé. Igi emi ni a ti ń rí i, igi ilẹ̀ ọ̀dàn tí ó wà láti Senegal títí dé Uganda, tí ó sì wà ní Òkè-Ògùn àti ní ìpínlẹ̀ Kwara. Kì í ṣe igi aláìnísùúrù ni ó ń bá a lò, nítorí ó lè tó ọdún 15 sí 20 kí ó tó so dáadáa. Àwọn obìnrin ni ó ń ṣa èso rẹ̀ nígbà òjò. Wọn a bọ̀ ọ́, wọn a sá a, wọn a fọ́ ọ, wọn a yan án, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a sì fi omi pò ó. Wọn a wá máa fi ọwọ́ lù ú títí ọ̀rá funfun yóò fi léfòó, kí wọ́n tó sè é. Nígbà tí Mungo Park, ọmọ ilẹ̀ Scotland, rin ìrìn-àjò rẹ̀ àkọ́kọ́ dé odò Ọya ní ọdún 1796, ó rí igi yìí, ó sì kọ̀wé nípa òrí tí àwọn ènìyàn ń ṣe láti ara rẹ̀. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ewéko fi so orúkọ rẹ̀ mọ́ igi náà fún ìgbà pípẹ́, kí wọ́n tó wá fìdí Vitellaria paradoxa múlẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ tuntun lójú àlejò náà ti di ohun ogún lọ́wọ́ àwọn obìnrin ilẹ̀ wa tipẹ́tipẹ́.

Òrí kò dá wà. Àdín tí a yọ lára ekùrọ́ wà fún ara ọmọ ọwọ́. Osùn wà fún ìyàwó àti fún ìyá ọlọ́mọ tuntun. Bí imú ọmọ bá dí nígbà ọyẹ́, ìyá àgbà a fi òrí ra á ní imú àti ní àwùjẹ̀. Kì í ṣe àìmọ̀kan ni èyí, nítorí ní ọdún 1979, ìwé ìwádìí àwọn onímọ̀ oògùn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ iṣẹ́ A. Tella jáde, èyí tí ó fi hàn pé òrí a máa la imú tí ó dí. Ṣùgbọ́n fífi ra etí imú yàtọ̀ sí kíkán òróró sí ihò imú ọmọ. Òróró tí a bá kán sí imú lè ṣìnà lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ewu ńlá sì ni.

Ipò tí òrí wà nínú àṣà kọjá ti ìpara. Nínú ẹ̀sìn àbáláyé, ohun ẹ̀rọ̀ ni, ó sì wà lára ohun tí a fi ń bọ Ọbàtálá, nígbà tí àdín jẹ́ èèwọ̀ Èṣù. Àwọn ọmọ Yorùbá tí òwò ẹrú kó gba orí òkun lọ kò gbàgbé rẹ̀. Ní Brazil, wọ́n ń pe òrí tí ó ti ilẹ̀ Áfíríkà wá ní limo da costa. Ní Kúbà, níbi tí òrí ti ṣọ̀wọ́n, ọ̀rá kòkó ni àwọn Lùkùmí fi rọ́pò rẹ̀ níwájú Ọbàtálá. Ohun tí àwọn ẹni tí a fi tipátipá kó lọ di mú tó bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí àwọn tí igi rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé wọn máa wò ó bí ohun ará oko.

Òótọ́ kan wà tí ó yẹ kí a sọ, bí ó tilẹ̀ lè má dùn mọ́ gbogbo àgbà nínú. Kì í ṣe gbogbo ìwẹ̀ àtijọ́ ni ó bá ọyẹ́ mu. Omi gbígbóná tí ń ru a máa tu ara lára ní òwúrọ̀ òtútù, ṣùgbọ́n ó ń ṣán ọ̀rá ara kúrò, bí omi gbígbóná ti ń ṣán ọ̀rá kúrò lára ìkòkò ọbẹ̀. Kàn-ìn-kàn-ìn tí a fi ń ha ọmọ lára títí yóò fi ké kì í mú ìdọ̀tí nìkan lọ. Ó ń mú awọ lọ pẹ̀lú. Ọṣẹ dúdú pàápàá, tí a fi eérú èèpo kókó tàbí ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti òróró ṣe, a máa gbẹ ara bí eérú inú rẹ̀ bá le ju òróró lọ. Ìmọ́tótó a máa borí àrùn mọ́lẹ̀ bí ọyẹ́ ti ń borí ooru, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń wí, ṣùgbọ́n ìwẹ̀ tí ó bó ara kì í ṣe ìmọ́tótó mọ́. Ní ìdà kejì, kì í ṣe gbogbo ohun tí ó ti ilé iṣẹ́ wá ni ó burú. Vaseline, bí àpẹẹrẹ, kò ní ìjà kankan pẹ̀lú awọ. Ìdérí tí kì í jẹ́ kí omi ara sá lọ ni òun náà. Kì í ṣe nítorí pé nǹkan jẹ́ ti àtijọ́ ni a ṣe ń yìn ín, kì í sì í ṣe nítorí pé ó jẹ́ ti òyìnbó ni a ṣe ń bú u. Ohun tí ó bá dáàbò bo awọ ni ó yẹ ní yíyìn.

Àwọn ìpara tí ń bó ara kò sí nínú irú ohun bẹ́ẹ̀. Mẹ́ta nínú àwọn èròjà wọn ni orúkọ wọn ti di mímọ̀: mercury, hydroquinone àti steroid. Mercury a máa gba ojú awọ wọnú ara, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Hydroquinone tí a bá lò fún ìgbà pípẹ́ lè yí padà sọ ojú àti oríkèé ìka di dúdú kirikiri, tí oògùn kò sì ní rọrùn láti rí fún un. Steroid ní iṣẹ́ rere tí dókítà máa ń fi í ṣe, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ń dá a fi ra ara fún ọ̀pọ̀ oṣù, awọ rẹ̀ yóò di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí abala ìwé, egbò rẹ̀ kì yóò sì tètè jiná. Irú awọ bẹ́ẹ̀ ni ọyẹ́ yóò wá bá. Kí ni yóò fi jà? Àwọ̀ dúdú tí ó jẹ́ agboòrùn fún un ti lọ, ìpele tí ó yẹ kí ó di omi mú ti tín-ín-rín.

Ewu yìí kò fara sin fún àwọn ìjọba. Àdéhùn Minamata, tí a fi orúkọ ìlú kan ní Japan pè, níbi tí ìdọ̀tí mercury láti ilé iṣẹ́ ti ba ayé ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́, ni àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò lé lórí ní ọdún 2013, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2017. Nàìjíríà wà lára àwọn tí ó wọ inú àdéhùn náà, ó sì ka ìpara tí a fi mercury ṣe mọ́ ohun tí ó gbọ́dọ̀ kúrò lójú ọjà. Àjọ NAFDAC, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1993, ń kìlọ̀, ó sì ń gbẹ́sẹ̀ lé irú ọjà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, òfin kò lè wọ inú yàrá tí ìyá ti ń fi ìpara ra ọmọ rẹ̀. Fẹlá Aníkúlápò Kútì ti kọrin bú àṣà bíbóra ní ọdún 1976, nínú àwo tí ó pè ní Yellow Fever. Àwọn tí wọ́n jẹ́ ọmọdé nígbà náà ti di ìyá àgbà, àṣà náà kò sì tíì kúrò.

Àwọn kan a máa sọ pé àwọn àgbà náà fẹ́ràn ẹni pupa. Èdè fúnra rẹ̀ lè jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ yìí. Òótọ́ ni pé wọ́n ń ki obìnrin ní apọ́nbéporẹ́, ẹni tí ó pọ́n bí epo. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ń ki òmíràn ní adúmáadán, ẹni tí ó dú tí ó sì ń dán. Àwọ̀ tí Ẹlẹ́dàá fún olúkúlùkù ni wọ́n fi ń kì í. Kí ẹnikẹ́ni sì kíyè sí i pé nínú adúmáadán, dídán ni ìyìn náà wà, dídán sì jẹ́ ti awọ tí a tọ́jú. Ẹni tí ó fi òrí ra ara ní òwúrọ̀ ọyẹ́ ń wá dídán. Ẹni tí ó fi kẹ́míkà ra ara ń sá fún dídú. Èkínní bá àṣà lọ, èkejì kò bá a lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà ní òkè òkun pẹ̀lú. Ní Lọ́ńdọ́nù, láti oṣù kejìlá títí di oṣù kejì, kò sí eruku ọyẹ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tútù kì í gba ọ̀rinrin púpọ̀ dúró, ẹ̀rọ tí ó ń mú ilé móoru sì tún ń sọ afẹ́fẹ́ inú yàrá di gbígbẹ sí i. Nítorí náà ni òrí ṣe máa ń wà nínú ẹrù ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò tí ó ń ti ilé lọ. Àwọn òyìnbó pàápàá ti mọ iyì rẹ̀. Wọ́n ń fi òórùn dídùn sí i, wọ́n ń rọ ọ́ sínú agolo kékeré, wọ́n sì ń tà á ní owó gọbọi. Nàìjíríà ni ó ń mú èso òrí jáde jù lọ ní àgbáyé, ṣùgbọ́n èrè tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í dúró sílé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé kí a dá kíkó èso òrí tí a kò tíì sè lọ sí òkèèrè dúró fún oṣù 6, kí iṣẹ́ náà lè máa ṣe àwọn ènìyàn ilé láǹfààní. Ìgbésẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè lágbára bí àwọn ará ilé fúnra wọn kò bá ra òrí.

Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe kò le, kò sì wọ́n. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí a fi wẹ̀, kí ìwẹ̀ má pẹ́ jù, kí kàn-ìn-kàn-ìn sì rọ̀. Kí ara tó gbẹ tán ni kí a ti fi òrí, àdín tàbí ìpara tí kò ní oró ra á, nítorí òróró kì í dá omi sí ara. Omi tí ó bá bá lórí awọ ni ó ń dé mọ́lẹ̀. Kí a tún fi òrí ra gìgísẹ̀ ní alẹ́, kí a sì wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn. Kí a má máa fi ahọ́n lá ètè, nítorí itọ́ tí ó bá gbẹ lórí ètè a máa mú un là sí i. Kí ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò lójoojúmọ́, kí ó má sì fi abẹ gé gìgísẹ̀ tí ó sán. Kí a ra òrí lọ́wọ́ ẹni tí a mọ̀, kí a má baà ra àdàlù. Ìpara tí kò bá sì kọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sára, tàbí tí ó ṣèlérí pé òun yóò mú ara pupa, kí a fi í sílẹ̀ lórí àtẹ.

Àwọn olùkọ́ ní ipa tiwọn. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun lórí ìlà ní òwúrọ̀ kò yẹ ní ẹni tí à ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí yẹ̀yẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó ń kọ́ ọmọ láti kórìíra ara rẹ̀, ẹni tí ó bá sì kórìíra awọ rẹ̀ lónìí lè ta àwọ̀ rẹ̀ nù lọ́la. Ó sàn kí olùkọ́ mú òrí wọ kíláàsì, kí ó fi han àwọn ọmọ, kí ó sọ ibi tí ó ti wá àti àwọn tí ó ṣe é, kí ó sì kọ ọ̀rọ̀ méjì nì sí ojú pátákó pẹ̀lú àmì ohùn wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì wọ́n mú mọ́.

Ọyẹ́ yóò dé lọ́dọọdún, yóò sì lọ. Ẹni tí ó bá da omi síwájú yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ilé tí ó bá ti ra òrí sílẹ̀ kí oṣù kọkànlá tó parí kò ní sá tọ oníṣòwò kẹ́míkà lọ nígbà tí ètè ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ó yẹ kí gbogbo òbí rí i pé bí ọyẹ́ bá kásẹ̀ nílẹ̀, awọ àwọn ọmọ wọn wà ní pípé, àwọ̀ wọn sì wà bí a ti bí wọn.